Amọ̀ Kì Í Ṣe Itọ́

Àwọn àgbà ní, ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí ọkùnrin bá fi irọ́ fẹ́ ìyàwó, tí àṣírí tú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òwe yìí ni wọn yóò pa. Bí oníṣòwò bá kó owó olówó dá ọjà, tí ọjà náà forí ṣánpọ́n, òun náà ni wọn yóò pa. Ohun tí gbogbo wa ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ohun tí kò ní ìpìlẹ̀, nǹkan kékeré ni yóò bì í ṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀mọlé ni òwe náà kó tó di ọ̀rọ̀ ìwà. Inú iṣẹ́ ọ̀mọlé ni mo fẹ́ ti là á lónìí, nítorí pé ilé kíkọ́ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ní Èkó, pàápàá fún àwa tí a wà ní Kòsọ́fẹ́, láti Kẹ́tu dé Ìkòsì, láti Mile 12 dé Agbóyì.

Nǹkan mẹ́ta ni òwe náà dárúkọ: ilé, itọ́ àti ìrì. Itọ́ a máa lẹ nǹkan mọ́ nǹkan fún ìgbà díẹ̀; bí atẹ́gùn bá ti gbẹ ẹ́ tán, agbára rẹ̀ ti pin. Ìrì ló kéré jù nínú omi tó ń kan ara ilé. Kì í pariwo, kì í gbé ẹnikẹ́ni lọ. Àgbà tó pa òwe yìí kò dúró kí òjò rọ̀, kò dúró kí odò kún. Ó ní ìrì lásán ti tó. Ẹ sì kíyè sí i pé kò dárúkọ amọ̀. Amọ̀ ló yí i ká, inú ilé alámọ̀ ló ń sùn, síbẹ̀ itọ́ ló fẹ̀sùn kàn. Ohun tí kò lágbára àtidi ilé mú ló ń bá wí, òun àti ọwọ́ tó ń kánjú. Èmi gbà gbọ́ pé amọ̀ tí a fi ìmọ̀ àti sùúrù pò kì í ṣe itọ́, àti pé búlọ́ọ̀kù tí a fi ojúkòkòrò ṣe, itọ́ gidi ni.

Ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é. Ìgbà ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọlé. Wọn á wa ilẹ̀ pupa, wọn á bomi sí i, àwọn ọ̀dọ́ á bọ́ sínú rẹ̀, wọn á máa fi ẹsẹ̀ pò ó títí kókó kankan kò fi ní sí níbẹ̀ mọ́. Wọn kì í lò ó lójú ẹsẹ̀. Wọn á bò ó kí omi lè wọ̀ ọ́ dáadáa, wọn á sì padà wá tún un pò. Lẹ́yìn èyí ni wọn á máa ṣù ú, wọn á máa jù ú sókè sí ọ̀mọlé tó wà lórí ògiri. Yóò hán an, yóò là á mọ́ ibi tó yẹ pẹ̀lú agbára. Bí ìpele kan bá ti ga tó orúnkún tàbí tó lé díẹ̀, iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Ó di ìgbà tí oòrùn bá fà á gbẹ, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tó gbé ìpele kejì lé e. Ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń di ògiri ilé.

Ìdúró yẹn nídìí. Amọ̀ a máa wú bí omi bá wọ̀ ọ́, a sì máa sún kì bí omi bá jáde lára rẹ̀. Bí a bá di ẹrù lé ìpele tó ṣì tutù, yóò yọ ikùn síta. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù tí yanrìn kò tó, yóò là nígbà tó bá ń gbẹ. Nígbà náà ni aláǹgbá yóò ráyè wọlé, nítorí òwe mìíràn ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ọ̀mọlé tó gbọ́n ti mọ̀ kó tó tẹ amọ̀ pé ibi tí aláǹgbá yóò gbà wọlé, inú ẹrẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kò sì sẹ́ni tó ń dá iṣẹ́ yìí ṣe. N. A. Fádípẹ̀, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìgbé ayé Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970, ṣàlàyé àáró àti ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ á ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan lónìí, wọn á ṣe ti ẹlòmíì lọ́la, títí yóò fi kárí. Ní ti ọ̀wẹ̀, ẹni tó ni iṣẹ́ yóò ké sí ènìyàn, yóò sì fún wọn ní oúnjẹ àti ẹmu. Ọkọ ìyàwó lè kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá àna rẹ̀ bo òrùlé. Bí ilé bá parí, àwọn obìnrin á fi ẹlẹ́bọ́tọ rẹ́ ilẹ̀ àti ògiri, wọn á sì tún un rẹ́ bí òjò bá ti bó o. Gbogbo ìdílé ló mọ bí ilé wọn ṣe dúró, nítorí ọwọ́ gbogbo wọn ló mú un dúró.

Òrùlé ni ààbò ògiri. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé, débi pé Ọ̀yọ́ ní ọdún Bẹẹrẹ láyé àtijọ́, tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin máa ń ru koríko náà wá sí ààfin. Nínú igbó, ewé gbòdògì ni. Létí omi, imọ̀ ọ̀pẹ àti ọ̀gọ̀rọ̀ ni. Etí òrùlé a máa rọ̀ sílẹ̀ gan-an kí òjò má baà na ògiri. A kò sì lè pe ilé bẹ́ẹ̀ ní ilé òtòṣì. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, sọ nípa kọ̀bì tó máa ń yọ síta lára ààfin ọba. Amọ̀ kan náà ni wọ́n fi mọ ọ́. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, yàrà àti ògiri Sùngbọ́ Erédò, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, ilẹ̀ tí a fi ọwọ́ wà ni. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá lórí rẹ̀, ìrì kò wó o.

Ẹnikẹ́ni lè dán ilẹ̀ àgbàlá rẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ kọjá ilẹ̀ dúdú òkè, ẹ bu ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ bomi kún un, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn ni yóò kọ́kọ́ rì, láàárín ìṣẹ́jú kan. Eruku kíkúnná yóò tẹ̀ lé e. Amọ̀ gan-an ni yóò gbẹ̀yìn, òun ni yóò wà lókè. Bí yanrìn bá lé ní ìdajì, tí amọ̀ sì tó ìdá kan nínú márùn-ún, ilẹ̀ náà ṣe é mọlé. Bí ẹ bá ti pò ó tán, ẹ ṣù ú tó ọsàn, kí ẹ jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ láti ibi èjìká. Bó bá fọ́n ká, omi kò tó. Bó bá pẹlẹbẹ láìfọ́, omi ti pọ̀ jù. Bó bá fọ́ sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ti yẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa Kòsọ́fẹ́. Ilẹ̀ wa kò dọ́gba. Ilẹ̀ pupa tó dára wà ní ibi gíga bíi Magodo. Ní ìsàlẹ̀, ní Agbóyì, ní Ìṣẹ́rí, ní Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, odò Ògùn ló ni ibẹ̀. Láti 1983 tí wọ́n ti ṣí ìsédò Ọyán, bí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì tú omi rẹ̀ sílẹ̀ sínú odò náà, àwọn àdúgbò wọ̀nyí ló máa ń gbà á sára. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi lé ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde nínú ilé wọn. Ògiri amọ̀ tí omi bá yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká fún ọjọ́ mélòó kan, ìdí rẹ̀ yóò rọ̀, yóò sì jókòó. Ẹni tó bá ní kí a mọ ilé amọ̀ síbẹ̀ ń tan ará ìlú jẹ ni. Ọgbọ́n àwọn ará etí omi ló yẹ ibẹ̀: òpó igi, ilẹ̀ pákó tó ga ju omi lọ, ògiri ọparun tàbí pákó tó fúyẹ́. Ọgbọ́n náà kò tíì kú. Ẹ lọ sí ọjà Mile 12, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi ọparun, pákó àti okùn gbé àtíbàbà dìde láìpẹ́ ọjọ́, tí yóò sì ru òjò àti oòrùn.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, a rò pé ìyọnu ilé ti tán. Sìmẹ́ńtì ṣe wá lóore, kò sẹ́ni tó lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, ilé tí àwọn ọmọdé ń kàwé nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tí a lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru amọ̀. Ẹ̀yin náà ti rí búlọ́ọ̀kù tí ọmọdé ń fi èékánná ha, tí yanrìn ń dà sílẹ̀ lára rẹ̀, nítorí ẹni tó ṣe é fi àpò sìmẹ́ńtì kan ṣe iṣẹ́ méjì. Bí a bá ń wò ó lókèèrè, ó dọ́gba, ó jọ òkúta. Òun gan-an ni itọ́ tí àgbà sọ.

Àwọn tó mọ ilẹ̀ lò kò sì tíì tán. Demas Nwoko, ayàwòrán ilé tí wọ́n bí ní Idumuje-Ugboko ní 1935, tó sì fi Ìbàdàn ṣe ibùdó iṣẹ́, po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, ó fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn wà lára iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí, ní 2023 sì ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi àfihàn iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Nigerian Building and Road Research Institute ti ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ ilẹ̀ pupa àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ di búlọ́ọ̀kù tó ń há mọ́ra. Ní Burkina Faso, àwọn ará abúlé Gando fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé ìwé tí Francis Kéré yàwòrán rẹ̀, ó parí ní 2001. Bíríkì amọ̀ ni, páànù rẹ̀ ga sókè kúrò lórí àjà kí ooru lè ríbi jáde. Ní 2022, Kéré gba ẹ̀bùn Pritzker tí wọ́n ń fún àwọn ayàwòrán ilé, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á.

Ohun tó kù wà lọ́wọ́ wa. Kí ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ìkòsì-Ìṣẹ́rí àti ti Agbóyì-Kẹ́tu wá àwọn ọ̀mọlé àgbà tó kù àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, kí wọ́n jọ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ yìí. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọgbà, ilé ìdáná àti ilé alájà kan, pẹ̀lú ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Kí ìpìlẹ̀ jẹ́ òkúta tàbí kọnkéré tó ga kúrò nílẹ̀, kí etí òrùlé gùn, kí a sì máa rẹ́ ògiri lẹ́yìn òjò. Níbi tí omi bá ti ń gorí ilẹ̀ lọ́dọọdún, kí a gba igi àti ọparun láyè. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé ní Kòsọ́fẹ́, kó kọ́kọ́ bi ilẹ̀ àti omi léèrè kó tó bi ọjà léèrè.