Àwọn Aṣọ́-Àṣírí Ogun ní Ilẹ̀ Bọ́mà

Bí a bá dárúkọ ogun, ìró ìbọn ni ó kọ́kọ́ ń sọ sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ògiri létí, ogun sì lè bàjẹ́ láti ẹnu ẹnì kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa ará Òkun, láti Kàbà dé Ìjùmú, láti Bùnú dé Yàgbà. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Tápà ń ti Bídà wá kó àwọn bàbá ńlá wa lẹ́rú, ọ̀pọ̀ ìlú sá gun orí òkè. Ìlú tí Tápà bá ṣẹ́gun, wọn a fi aṣojú tí à ń pè ní ogba síbẹ̀, láti gba ìṣákọ́lẹ̀ àti láti jẹ́ ojú fún ọba Bídà. A mọ bí ó ti rí kí ojú àlejò máa ṣọ́ ni nínú ilé ẹni.

Ní 1897, Royal Niger Company kó ogun láti Lọ́kọ́ja wá sí Kàbà, ogun Tápà sì ká àgọ́. Lọ́dún náà gan-an ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí Lugard dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Lọ́kọ́ja sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ kó wọn jọ. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, Dífíṣọ̀n 81 àti 82 láti inú ẹgbẹ́ yìí ré kọjá òkun lọ bá àwọn Jàpáànù jà ní Bọ́mà, títí di 1945.

Ní 1940, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ya iṣẹ́ aṣọ́nà méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni Intelligence Corps, tí àwọn ẹ̀ka Field Security rẹ̀ ń pa àṣírí mọ́, tí wọ́n ń yẹ àwọn asásálà wò, tí wọ́n sì ń wá amí ọ̀tá. Èkejì ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láàárín ọlọ́pàá ológun. Olè jíjà ni ó bí wọn: ẹrù ogun ń pòórá ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n bá kó ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Scotland Yard lọ síbẹ̀.

Ní ẹkùn Arakan, níbi tí àwọn ọmọ wa ti jà, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ń ti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Búdà sì fara mọ́ Jàpáànù. Ta ni amí, ta ni àgbẹ̀ lásán? A kì í mọ̀ ọ́n lójú. Bí a bá fìyà jẹ aláìṣẹ̀, tàbí bí ọmọ ogun bá jí adìẹ àgbẹ̀, gbogbo abúlé lè di ojú fún ọ̀tá.

Ẹ wo Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ní Oṣù Kẹta 1944, àwọn Jàpáànù kọlu ẹgbẹ́ onítọ̀ọ́jú aláìsàn tirẹ̀ ní àfonífojì Kaladan. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni òun àti David Kargbo, ará Sàró, fi wà láàárín ọ̀tá. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan, Shuyiman, ni ó bọ́ wọn, tí ó sì fi wọ́n pamọ́, títí àwọn ọmọ ogun Gurkha fi dé ní Oṣù Kejìlá. Ọ̀rọ̀ kan láti abúlé náà ì bá ti pa gbogbo wọn.

Lẹ́yìn òmìnira, iṣẹ́ yìí di tiwa. Ní Oṣù Kọkànlá 1962 ni a dá Field Security Section ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà sílẹ̀. Chukwuma Kaduna Nzeogwu ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di ipò olórí iṣẹ́ náà mú. Òun kan náà ni ó ṣíwájú ìfipágbàjọba ní Kàdúná ní Oṣù Kìn-ín-ní 1966.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa fi èyí kọ́gbọ́n. Ogba ní ojú ní gbogbo ìlú, síbẹ̀ ìlú kò fẹ́ ẹ. Ọjọ́ tí agbára Bídà yẹ̀, kò sí ẹni tí ó bò ó láṣìírí. Shuyiman kò ní oyè, kò ní ìbọn, ṣùgbọ́n ó pa àṣírí tí ó gba ẹ̀mí là. Ẹgbẹ́ ogun tí ó bá ba inú onílé jẹ́, kò sí aṣọ́nà tí ó lè ṣọ́ ọ là.