Omi Kànga àti Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Dà Bí Aró

Àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi tí kò dára lè di ọ̀tá ọmọ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1945, dókítà kan níbẹ̀, Hunter Comly, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí ara wọn dà bí aró. Bí ara ọmọ bá rí báyìí, ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń fura sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí dà bí ṣokoléètì. Ẹ̀jẹ̀ tí àìsàn ọkàn sọ di dúdú máa ń pupa padà bí atẹ́gùn bá kàn án. Irú èyí kì í pupa.

Kí ni àwọn ọmọ náà ń jẹ? Wàrà tí wọ́n fi omi kànga oko pò ni. Wọ́n yẹ omi náà wò, wọ́n rí i pé nitrate pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ ẹran, ìgbẹ́ ènìyàn àti ajílẹ̀ ló máa ń tú nitrate sínú ilẹ̀, tí òjò á sì gbé e dé inú kànga. Nínú ikùn ọmọ, nitrate á di nitrite. Nitrite á ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè gbé atẹ́gùn kiri ara mọ́. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni ó máa ń mú jù. Oògùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ tún jẹ́ aró: methylene blue ni wọ́n ń pè é, inú iṣan ni wọ́n ń gún un sí.

Ní ọdún 1951, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ka ọmọ 278 tí àìsàn yìí mú. Ọmọ 39 kú nínú wọn. Lónìí, OMS ní kí nitrate má ṣe ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ fi èyí sọ́kàn. Sísè omi ń pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n kì í mú nitrate kúrò. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná ni nitrate inú rẹ̀ ń le sí i. Ẹ gbẹ́ kànga jìnnà sí ṣáláńgá àti ibùso ẹran. Ẹ fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà. Bí ètè àti ahọ́n ọmọ bá dà bí aró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ irú omi tí ó ń mu fún dókítà.