Iṣan ọrùn tó dí: ọ̀bẹ ni àbí stent?

Ọwọ́ kan rọ lójijì, fóònù já bọ́, ẹnu wọ́, ọ̀rọ̀ ò já geere mọ́. Kí wọ́n tó rí Micra tó máa gbé e láti Agbowó dé UCH, ara ti padà sípò. “Ṣebí ó ti lọ,” wọ́n á wí, wọ́n á sì padà sídìí ọjà. Mo ti gbọ́ irú ìtàn yìí púpọ̀ nílùú Ìbàdàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Ìkìlọ̀ rọpárọsẹ̀ ni àwọn dókítà ka ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn sí.

Ẹ fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ gògóńgò yín, ẹ rọra o. Ohun tó ń lù kìkì yẹn ni iṣan carotid tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Níbi tó ti pẹ̀ka lábẹ́ àgbọ̀n ni ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́. Bí ègé kan bá já níbẹ̀, ọpọlọ ló ń lọ.

Iṣẹ́ abẹ àtijọ́ ni endarterectomy. Ọdún 1953 ni Michael DeBakey ṣe é ní Houston. Dókítà á la ọrùn, á dá ẹ̀jẹ̀ dúró níbẹ̀, á la iṣan náà gbọọrọ, á bó ọ̀rá náà kúrò, á wá lẹ ojú ibẹ̀ kó má baà fún. Àwọn mìíràn á gé e níbi ẹ̀ka, wọ́n á yí i síta bí ẹni yí apá ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á bó o, wọ́n á rán an padà. Ṣé kí wọ́n fún èèyàn lábẹ́rẹ́ oorun ni, àbí kí wọ́n mú ọrùn nìkan kú? Àyẹ̀wò GALA ti 2008, tó kan èèyàn tó lé ní 3,500, kò rí ìyàtọ̀ gidi.

Stent kò la ọrùn ní tiẹ̀. Wáyà á gba itan wọlé, á gba ẹ̀gbẹ́ ọkàn kọjá dé ọrùn, wọ́n á fẹ bàlúùnù kékeré, wọ́n á fi àwọ̀n irin sílẹ̀ níbẹ̀. Ó dùn-ún gbọ́, àbí? Ìrìn àjò wáyà yẹn gan-an ni ìṣòro, torí ó lè gbọn ìdọ̀tí inú iṣan àgbàlagbà lọ sókè. Nínú àyẹ̀wò CREST ti 2010, èèyàn 2,502 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, rọpárọsẹ̀ tó tẹ̀ lé iṣẹ́ náà jẹ́ 4.1 nínú 100 fún stent, 2.3 fún ọ̀bẹ. Ìkọlù ọkàn wá yí i po: 1.1 fún stent, 2.3 fún ọ̀bẹ. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọ̀bẹ ló sàn fún jù.

Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀kẹta, TCAR, ní 2015. Òkè egungun èjìká ni wọ́n ti ń ki stent bọ̀ ọ́, wọ́n á sì yí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn gba inú asẹ́ kí ìdọ̀tí má baà gòkè. Èmi fẹ́ràn ọgbọ́n inú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọrùn ló nílò èyíkéyìí nínú wọn o. NASCET ti 1991 fi hàn pé ẹni tó ti rí ìkìlọ̀, tí iṣan rẹ̀ sì dí tó 70 nínú 100, ló jèrè jù: láàárín ọdún méjì, 26 nínú 100 ní rọpárọsẹ̀ lórí oògùn nìkan, 9 péré lẹ́yìn ọ̀bẹ. Tó bá dí pátápátá, wọn kì í fọwọ́ kàn án mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí ìkìlọ̀ náà ni èrè rẹ̀ pọ̀ jù.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú. Ìwádìí SIREN ní Nàìjíríà àti Gánà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn darí, tó jáde nínú Lancet Global Health ní 2018, fi í sí ipò kìíní. Nítorí náà, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ yín ná. Bí wọ́n bá wá fẹ́ yẹ ọrùn wò, irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo aláboyún ni. Bí iṣẹ́ abẹ bá délẹ̀, ẹ bi dókítà pé mélòó ló ti ṣe, mélòó nínú wọn ló ní rọpárọsẹ̀ tàbí kú. Fún ẹni tó ti rí ìkìlọ̀, kò gbọdọ̀ ju 6 nínú 100 lọ. Fún ẹni tí kò rí nǹkan kan, 3.