Ìwà Ṣáájú Ìwọ̀n

"Ìwà jọ̀wà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ̀rẹ́." Ènìyàn ni àwọn àgbà ń bá wí. Síbẹ̀, òwe yìí gan-an ni Dmitri Mendeleev, ará Rọ́ṣíà, fi ṣiṣẹ́ ní 1869 láìmọ̀ ọ́n.

Ẹ́límẹ́ǹtì 63 ni ayé mọ̀ nígbà náà. Ó tò wọ́n láti orí èyí tó fúyẹ́ dé èyí tó wúwo, ó sì rí i pé ìwà tó ti kọjá tún ń padà wá. Ó kó àwọn oníwà kan náà sí òpó kan. Ẹ wo líthíọ̀mù, sódíọ̀mù àti pòtásíọ̀mù: irin ni wọ́n, àmọ́ ọ̀bẹ ń gé wọn. Líthíọ̀mù bọ́ sómi, ó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Sódíọ̀mù á yọ́ di róbótó, á máa sáré kiri. Pòtásíọ̀mù á gbiná lójú ẹsẹ̀, iná elésè àlùkò. Ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló wà ní ìpele òde átọ̀mù wọn. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí òpó, ẹyọ kan yìí ń jìnnà sí àárín, ó sì túbọ̀ ń rọrùn láti bọ́ lọ. (Pòtásíọ̀mù inú eérú èèpo kòkó tí a fi ń se ọṣẹ dúdú ti fi tirẹ̀ tọrẹ, ìdí nìyẹn tí kì í fi í gbiná nínú ìkòkò.)

Ibi tí ìwọ̀n àti ìwà ti takora ni mo fẹ́ràn jù. Tellurium wúwo ju áyódìn lọ díẹ̀, 127.6 sí 126.9. Bí a bá tẹ̀lé ìwọ̀n, áyódìn á bọ́ sí òpó ọ́síjìn, bẹ́ẹ̀ ìwà klórínì ló ń hù. Mendeleev dá a padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀, ó ní àwọn tó wọn tellurium ló ṣì í wọ̀n. Ó jàre irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kan: nígbà tí Lecoq de Boisbaudran rí gallium ní Faransé ní 1875, tó ní ó ki ju omi lọ ní ìlọ́po 4.7, Mendeleev tí kò fojú kàn án kọ̀wé pé kó tún un wọ̀n. Ó di 5.9.

Ti tellurium yìí, òun ló ṣì í. Ìwọ̀n péye, òfin rẹ̀ ni kò péye. Ní 1913 ni Henry Moseley, ará Gẹ̀ẹ́sì, fi ìtànṣán X hàn pé iye iná mànàmáná inú kókó átọ̀mù ló ń tò wọ́n, kì í ṣe ìwúwo. Tellurium jẹ́ 52, áyódìn 53. Mendeleev ti kú láti 1907.