Ìjàpá Tí Kì í Mu Omi

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ní Ìsánlú, tí ẹ sì bi wọ́n nípa mọ́tò àkọ́kọ́ tí tíṣà kan rà ní àdúgbò wọn, ẹ̀rín ni wọ́n máa kọ́kọ́ rín. Lẹ́yìn náà, wọn á fi ẹnu ṣe ìró rẹ̀ fún yín. Wọn ò ní í pè é ní Volkswagen. Ìjàpá ni wọ́n máa pè é, torí pé ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó bí igbá ahun. Àwọn òyìnbó ní kòkòrò ló jọ, wọ́n pè é ní Beetle. Àwa mọ ẹni tó máa ń gbé ilé rẹ̀ rìn ní tiwa.

Ìbéèrè wa kò le: kí ló mú kí mọ́tò yìí wà ní ìkáwọ́ tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba ní ìlú kékeré? Kí ló sì dé tí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́? Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí à ń béèrè iye tí wọ́n ń ta tòkúnbọ̀ lónìí, tí à ń mí kanlẹ̀. Lójú wa, ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú iye tí wọ́n rà á nìkan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Ìjàpá yìí kò wá láti ilé rere. Ní àwọn ọdún 1930, ìjọba Hitler ní Jámánì ṣèlérí mọ́tò tí òṣìṣẹ́ lásán lè rà. Ferdinand Porsche ni wọ́n ní kó ya àwòrán rẹ̀. Ìtumọ̀ Volkswagen gan-an ni "mọ́tò ará ìlú". Wọ́n ní Reichsmark 990 ni wọn á máa tà á, wọ́n sì ní kí àwọn èèyàn máa dá owó díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń dá àjọ. Nǹkan bí 336,000 èèyàn ló dá owó náà. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó rí mọ́tò gbà. Ogun dé ní 1939, ilé iṣẹ́ náà yí padà sí ṣíṣe ọkọ̀ ológun, wọ́n sì kó àwọn èèyàn wá síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́ tipátipá. Ìgbà tí ogun parí ní 1945 ni àwọn sójà Bìrìtìkó gba ibẹ̀. Ọ̀gá sójà kan, Ivan Hirst, ló tún un gbé dìde. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 1972, iye Ìjàpá tí wọ́n ti ṣe ti lé ní mílíọ̀nù 15, ó sì ti ju ti Model T tí Ford ṣe lọ.

Báwo ló ṣe wá dé Ìsánlú? Ẹ rántí pé ilẹ̀ Òkun kò sí lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ní ayé ìgbà náà. Abẹ́ ẹkùn Àríwá, ní agbègbè Kábà, ni Yàgbà wà. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní 1967, a bọ́ sí abẹ́ Kwara, Ìlọrin sì di olú-ìlú wa. Ìyẹn ni pé bí owó oṣù bá há, tàbí tí wọ́n bá gbé tíṣà kúrò níbì kan lọ síbòmíì, ọ̀nà Ìlọrin ló máa kọjú sí, á gba Ẹ̀gbẹ̀ kọjá. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà kejì ló ní í ṣe, á gba Mọ̀pà lọ sí Kábà. Ìwé sì ni oko ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè wa. Àwọn míṣọ́nnárì SIM ti dá Titcombe College sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ ní 1951, ilé ìwòsàn wọn níbẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1952. Nítorí náà, tíṣà pọ̀ láàárín wa. Tíṣà tó bá sì ń ṣe iṣẹ́ ìjọba máa ń rìn.

Àwọn Ìjàpá àkọ́kọ́ tó dé Nàìjíríà, odindi ni wọ́n kó wọn wá láti òkè òkun. Ìyípadà ńlá dé ní 1975. Ní ọdún tó ṣáájú, ìgbìmọ̀ Udoji ti dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìjọba Gowon gbà, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Àwọn àgbà ṣì ń pè é ní "owó Udoji" títí dòní. Ẹlòmíì fi ra rédíò, ẹlòmíì fi ra alùpùpù, ẹlòmíì sì fi lélẹ̀ fún mọ́tò. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, ní ọ̀nà Bàdágìrì ní Èkó. Oṣù yẹn náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe pín sí méjì: Peugeot 504 fún ọ̀gá, Ìjàpá fún tíṣà. Ìjọba tún máa ń yá òṣìṣẹ́ tó bá dé ipò kan lówó láti ra mọ́tò, wọn á máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀ títí tó fi máa tán.

Ó dáa. Mọ́tò ti dé ẹnu ọ̀nà. Báwo ni ó ṣe ń rí láti ni ín?

Ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo ẹni tó ní in ń sọ ni pé kì í mu omi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní radiétọ̀. Afẹ́fẹ́ ni fáànù rẹ̀ fi ń tù ú. Ẹni tó bá mọ ọ̀gbẹlẹ̀ ilẹ̀ Yàgbà á mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn ọmọ ń jí ní ìdájí lọ pọn omi, mọ́tò mìíràn lè gbóná lójú ọ̀nà kí awakọ̀ máa gbé kéègì kiri abúlé. Ìjàpá á kàn máa kọjá lọ ní tiẹ̀.

Ìkejì, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, iwájú ni búùtù wà. Ẹni tí kò bá rí i rí á ṣí iwájú, á rí táyà àti ẹrù, á sì pariwo pé wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì! Ṣùgbọ́n àǹfààní wà níbẹ̀. Ìwúwo ẹ́ńjìnnì yẹn ń tẹ àwọn táyà ẹ̀yìn tó ń ti mọ́tò lọ mọ́lẹ̀. Nígbà òjò, tí ilẹ̀ pupa bá di ẹrẹ̀, àwọn táyà yẹn máa ń di ilẹ̀ mú. Abẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í tètè há sórí òkúta. Ìlú tí àpáta yí ká ni tiwa, ẹ ṣáà mọ bí ọ̀nà oko ṣe rí.

Ìkẹta, òun ló sì ṣe pàtàkì jù sí wa: ọmọ ìlú lè tún un ṣe. Bóòtì mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà. Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tó ní jáàkì àti sípánà 13 àti 17, lè sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò láàárọ̀, kó sì dá a padà kí oòrùn tó wọ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Bí kò bá jí, púlọ́ọ̀gì ni, tàbí kábúrétọ̀, tàbí iná kò dé ibi tó yẹ kó dé. Bí bátìrì bá kú, ẹ pe àwọn ọmọ ilé-ìwé mẹ́rin kí wọ́n wá tì í. Ó fúyẹ́, á jí. Àìmọye ọmọ ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan mọ́tò lọ́nà yẹn, wọ́n fi èjìká ti Ìjàpá tíṣà wọn, wọ́n sì gbà pé àwọn náà ti wa mọ́tò.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi oyin pa á o. Ìjàpá ní ìwà tirẹ̀. Ariwo rẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Kí àgbàlagbà tó lè jókòó sẹ́yìn, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ àga iwájú ba, kó wá tẹ̀ wọlé bí ẹni ń wọ ihò. Bátìrì rẹ̀ wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Bí ẹni tó sanra bá jókòó síbẹ̀, tí irin àga sì kan orí bátìrì, èéfín lè yọ, kí gbogbo èèyàn sá bọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ mọ́tò náà máa ń dípẹtà. Bí ó bá pẹ́, ẹ lè jókòó sínú rẹ̀ kí ẹ máa wo ọ̀dà títì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù, òun náà ló ń mú iná wá sí bátìrì. Bí ó bá já, iná pupa kékeré kan á tàn níwájú awakọ̀. Ẹni tó bá rí i tó ní òun á kọ́kọ́ dé ilé ná, ẹ́ńjìnnì ló fi jóná. Nítorí náà ni ọlọgbọ́n ṣe máa ń so bẹ́líìtì kejì mọ́ inú búùtù. Àwọn ti àtijọ́ gan-an, tí wọ́n ṣe kí 1960 tó dé, kò ní ohun tó ń sọ iye epo tó kù. Bí epo bá tán, awakọ̀ á fi ẹsẹ̀ yí ọwọ́ kan nísàlẹ̀ kí èyí tó wà ní ìpamọ́ lè ṣàn. Èyí tó burú jù ni pé táńkì epo rẹ̀ wà níwájú, nítòsí orúnkún awakọ̀. Bí ọ̀ràn ìkọlù bá dé, kò sí ẹni tó ń fi ìyẹn ṣeré.

Síbẹ̀, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Mọ́tò tí ẹ mọ àìsàn rẹ̀, tí ẹ sì mọ oògùn rẹ̀, kì í bà yín lẹ́rù.

Kì í ṣe Ìjàpá nìkan ni wọ́n ń tò ní Ọ̀jọ́. Mọ́tò kan wà tí wọ́n yàwòrán rẹ̀ ní Brazil, Brasilia ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Nígbà tó dé Nàìjíríà, Igala ni wọ́n sọ ọ́. Bí ọmọ Ìsánlú bá gbọ́ orúkọ yẹn, ohun méjì ló ń wá sí i lọ́kàn: ìgalà inú igbó, àti àwọn Ígálà òdìkejì odò Ọya tí a jọ wà ní ìpínlẹ̀ Kogi láti 1991. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn, tí kì í mu omi, ni òun náà ní. Mẹkáníìkì tó mọ Ìjàpá ti mọ Igala nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "tò" yẹn ni ká dúró lé. Inú àpótí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yà mọ́tò wọ̀nyí ti ń wá, láti Jámánì àti Brazil. Owó òkèèrè ni wọ́n fi ń ra àpótí yẹn. Ní 1980, dọ́là kan kò tó náírà kan, nǹkan bíi kọ́bọ̀ 55 ni. Epo rọ̀bì wá já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé, gbèsè pọ̀, ìjọba Babangida sì mú ètò SAP wá ní 1986. Náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kí 1989 tó parí, dọ́là kan ti lé ní náírà 7. Ẹ ronú sí i: tíṣà Ìsánlú kò ṣe ohunkóhun, Ìjàpá kò yí padà, mẹkáníìkì abẹ́ igi máńgòrò kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, mọ́tò náà ti fò kọjá orí wọn. Ilé iṣẹ́ Ọ̀jọ́ kò rí owó àpótí san bó ṣe yẹ mọ́, iye mọ́tò tó ń jáde níbẹ̀ ń dín kù, títí tí àwọn ará Jámánì fi kúrò nínú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n ní ìjàpá ń lọ sí àjò, wọ́n bi í pé ìgbà wo ni yóò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Tiwa yìí kò tẹ́ o. Owó tó ń gbé e rìn ló tẹ́.

Ní ilẹ̀ ibòmíì, ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mexico ni wọ́n ti ṣe èyí tó gbẹ̀yìn, ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2003. Gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe láyé sì jẹ́ 21,529,464.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, gbogbo èèyàn ló tún ń wá mọ́tò kékeré tí kì í mu epo. Picanto ni ẹnì kan ń sọ, Corolla ni ẹlòmíì ń sọ. Epo tí wọ́n ń mu kò pọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ bí iná kan bá tàn níwájú awakọ̀ lónìí, kì í ṣe bẹ́líìtì ló ń sọ fún un mọ́. Ó di kó wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà mọ́tò. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá sí nítòsí, ìrìn àjò Ìlọrin tàbí Lọ́kọ́ja nìyẹn. Ẹ̀yà tó sì bàjẹ́, iye dọ́là ọjọ́ náà ni wọ́n á fi dá a lé e lórí. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé kì í ṣe iye tí wọ́n rà á nìkan ló ń mú kí mọ́tò rọrùn láti ní. Ìjàpá rọrùn níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ méjì ń gbé e: ọwọ́ mẹkáníìkì nílé, àti ọwọ́ náírà lọ́jà. Ọwọ́ kan ṣoṣo kò gbé ahun dé ibì kankan.

Ní 2014, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, mú ògbólógbòó Ìjàpá kan. Ó gbé páánẹ́ẹ̀lì oòrùn sórí rẹ̀, ó fi ohun tí afẹ́fẹ́ ń yí sí i, ó sì ń wà á láìlo epo. Àwọn oníròyìn òkèèrè gbé e jáde. Ní tiwa, ohun tó wù wá jù níbẹ̀ ni pé nígbà tí ọmọ náà ń wá mọ́tò tí òun lè tú, tí òun lè yẹ inú rẹ̀ wò, tí òun sì lè tún tò bó ṣe wu òun, Ìjàpá ló mú.

Nítorí náà, bí ẹ bá wá sí Ìsánlú, tí ẹ rí ọ̀kan tí koríko ti hù yí ká lẹ́yìn ilé ẹnì kan, ẹ má kàn ya fọ́tò kí ẹ sì máa lọ. Ẹ kí onílé, "Òkun o." Ẹ béèrè ẹni tó máa ń tún un ṣe. Ó ṣeé ṣe kó ṣì wà láyé, ó sì ṣeé ṣe kí sípánà 13 rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.