Orí Olókun: Ògidì Ni Àbí Ẹ̀dà?

Láti Ìpájà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti ń pariwo, ẹ bá mi fara dà á.

Ìtàn idẹ Ifẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà bàlúù kékeré kan wọ̀ ọ́. Mo máa ń to bàlúù oníke, àwọn tí wọ́n ṣe bíi ti ojúlówó. Èyí tó wà lórí tábìlì mi báyìí ni Alpha Jet, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun òfurufú wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbà láti ọdún 1981, tí wọ́n sì fi jà ní Làìbéríà nígbà ECOMOG. Ìwọ̀n 1/72 ni: ohun tó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lójú ayé, íǹṣì kan péré ló jẹ́ lọ́wọ́ mi. Àga awakọ̀ tó máa ń wà nínú páálí kò ní làákàyè kankan, ike bọrọgidi ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí bẹ́líìtì, bọ́tìnnì àti àwọn aago iwájú awakọ̀ hàn dáadáa, á fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wọ́n.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa fi ike pẹlẹbẹ àti wáyà tín-ín-rín ṣe ògidì àga kan. Mo máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí kékeré, mo máa da rọ́bà sílíkónì olómi bò ó, ó di ọjọ́ kejì. Tí rọ́bà bá ti gan, mo yọ ògidì kúrò, àyè rẹ̀ á ṣẹ́kù: mọ́òdù nìyẹn. Résìn ni mo máa dà sínú àyè yẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà l'Ọ́jọ́ta ni mo ti ń rà á. Olómi méjì ni, tí wọ́n bá ti pàdé, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi le koko. Mo lè rí ogún àga nínú mọ́òdù kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání ni pé gbogbo ohun tí wọ́n bá dà ló ní àpá. Tí mọ́òdù bá jẹ́ ìdajì méjì tí wọ́n pa pọ̀, ìlà kan á wà níbi tí wọ́n ti pàdé. Tí afẹ́fẹ́ bá há sínú, ihò á wà níbẹ̀. Tẹ́nìkan bá sì fi ẹ̀dà mi ṣe mọ́òdù tirẹ̀, tirẹ̀ á kéré ju tèmi lọ díẹ̀, torí résìn máa ń súnkì. Idẹ náà máa ń súnkì. Ẹni tó mọ àpá kà lè sọ bí wọ́n ṣe ṣe nǹkan. Irú àpá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kà sí Orí Olókun lára ní 1949, tí wọ́n fi pè é ní ayédèrú.

Ìda oyin ni àwọn asúdẹ Ifẹ̀ lò ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn. Wọ́n á fi amọ̀ mọ orí kan, wọ́n á fi ìda bò ó pẹlẹbẹ, wọ́n á wá gbẹ́ imú, ètè, àti àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ojú sára ìda náà. Wọ́n á tún fi amọ̀ kíkúnná bò ó, wọ́n á dá ojú ihò sí i, wọ́n á yá a níná. Ìda á yọ́ jáde. Idẹ tó ti yọ́ ni wọ́n á dà sí àyè rẹ̀. Nígbà tó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀. Kò sí ìlà ìpàdé níbẹ̀, nítorí mọ́òdù náà ò pín sí méjì. Kò sì sí ẹ̀ẹ̀kejì. Tí idẹ ò bá dé etí, ìda ti lọ, amọ̀ ti fọ́, ó di kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Nígbà míì bàbà pọ́ńbélé ni wọ́n ń dà, èyí tó ṣòro dà ju idẹ lọ. Ìbòjú tí wọ́n ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ní ogún àǹfààní nínú rọ́bà kan, mo máa ń ro ìyẹn gan-an.

Ó wá di 1910. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀, ó sì rí orí idẹ kan tó dé adé ní Igbó Olókun. Pọ́n-ùn mẹ́fà àti ìgò ọtí wisikí kan ló fi rà á. Àwọn aláṣẹ òyìnbó gbọ́, wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá náà lọ kọ̀wé pé àṣẹ́kù Atlantis, ìlú tí òkun gbé mì, lòun rí nílẹ̀ Yorùbá. Ohun gbogbo ló rọrùn fún un láti gbà, àfi pé àwọn baba wa ló ṣe é.

Ní 1938, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, orí idẹ mìíràn jáde, wọ́n ju mẹ́wàá lọ. Ọ̀rọ̀ Atlantis kú síbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé Orí Olókun dé Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n fi í wé àwọn yòókù, ìjà mìíràn bẹ̀rẹ̀. William Fagg ti British Museum àti Leon Underwood gbé àbájáde tiwọn jáde ní 1949. Ọ̀gbẹ́nà ni Underwood fúnra rẹ̀, ó mọ idẹ dídà, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi wúwo. Wọ́n ní kì í ṣe ìda ni wọ́n fi ṣe é, iyanrìn ni: wọ́n tẹ orí kan tó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́ iyanrìn tútù, wọ́n sì da idẹ sí ojú àpá rẹ̀. Ọgbọ́n iyanrìn yìí kì í ṣe ti Ifẹ̀ àtijọ́. Ẹ̀dà ni, nìdí èyí, ògidì sì ti sọnù. Ẹ mọ ẹni tí ọ̀pọ̀ nawọ́ ìfura sí: Frobenius.

Bó ṣe wà nìyẹn fún ọgọ́ta ọdún ó lé. Ní 1968 wọ́n ń fi orúkọ Orí Olókun pe ẹgbẹ́ òṣèré tó gbajúmọ̀ ní Ifẹ̀, síbẹ̀ nínú ìwé, ẹ̀dà ni. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe kà á ní yunifásítì.

Lásìkò tí àwọn iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ lọ sí àfihàn ní British Museum ní 2010, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ tún un yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ tí Fagg ò ní. Àbájáde wọn jáde ní 2013: ìda ni wọ́n fi dà á, idẹ rẹ̀ sì bá ti àwọn orí Ifẹ̀ yòókù mu. Wọn ò rí ìdí láti máa pè é ní ẹ̀dà mọ́.

Èrò tèmi ni pé ara orí náà tó rí hárahàra ló ṣì wọ́n lọ́nà. Ara hárahàra lè wá láti inú mọ́òdù, ó sì lè wá láti inú ohun tójú nǹkan ti rí lẹ́yìn tó kúrò nínú mọ́òdù. Àwọn méjèèjì kì í jọra tán téèyàn bá fara balẹ̀. Ẹ wo bí ìròyìn 1949 ṣe tàn kálẹ̀ tó, kẹ́ ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá l'Ábẹ́sàn níbí bóyá wọ́n gbọ́ ti 2013.

Ọ̀kan nínú àwọn orí Wúnmọníjẹ̀ wà ní British Museum láti 1939 títí di òní. Bó ṣe débẹ̀ la máa sọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí iná bá gbà fún wa.