Àwòrán

Àwòrán ni ohun tí a yà, tí a gbẹ́ tàbí tí a fi ẹ̀rọ mú, tó jọ ẹnì kan tàbí nǹkan kan. Babatunde Lawal, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà, tú ọ̀rọ̀ náà sí à-wò-rántí: ohun tí a ń wò tí a fi ń rántí. Nígbà tí kámẹ́rà dé, "yà" tí wọ́n ń lò fún àwòrán ọwọ́ kò yí padà; ó kàn gba fọ́tò mọ́ra ni.

Ní 1975, Steven Sasson ti iléeṣẹ́ Kodak ṣe kámẹ́rà tí kò lo fíìmù. Kásẹ́ẹ̀tì ló ń kó àwòrán sí, ìṣẹ́jú-àáyá 23 ni ẹyọ kan sì ń gbà kó tó wọlé. Káàdì pẹlẹbẹ tó gbapò irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mẹ́mórì, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìrántí. Bí àlàyé Lawal bá tọ̀nà, ohun tó ti wà nínú "àwòrán" tẹ́lẹ̀ náà ló tún gba ọ̀nà mìíràn wọlé.

Fíìmù kì í sábà ju fọ́tò 36 lọ. Mẹ́mórì kan lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ni àwọn èèyàn bá ń ya ọbẹ̀ orí tábìlì pàápàá. Mẹ́mórì náà a máa kún, wọ́n a sì máa pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, fọ́tò tí a pa rẹ́ kì í sábà lọ lójú ẹsẹ̀: àyè rẹ̀ nìkan ni káàdì kà sí òfìfo, títí òmíràn yóò fi gorí rẹ̀.